Láti Accounting sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà: ohun tí ojú mi rí kí wọ́n tó gbà mí

Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ̀ mí. Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù, torí pé kí èsì rẹ̀ tó dé, màmá mi ti ròyìn fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń lọ sí òkè òkun. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sá fún ìyá àgbà kan tó máa ń bi mí pé, "Ṣé o ò tíì lọ ni?"

Accounting ni mo kà. Mo ti fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kékeré kan n'Ìbàdàn kó tó wọ̀ mí lọ́kàn pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ fi ṣe Masters. Nígbà tí wọ́n kọ̀ mí, mo ní torí pé n kò mọ nǹkan ni. Lóòótọ́, n kò mọ nǹkan púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí gan-an ni pé ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tèmi ni mo lọ ń kàn.

Oríṣi méjì ni Masters yìí. Ọ̀kan wà fún àwọn tó ti fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gba oyè àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé kíláàsì ni olùkọ́ ti máa ń sọ̀rọ̀ algorithm, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti ṣe iṣẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ilá. Èkejì wà fún irú wa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, conversion ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ sì lè tan èèyàn jẹ. Ẹ wo Yunifásítì Birmingham: MSc Computer Science lásán ni ti àwa tá a wá láti ibòmíràn, MSc Advanced Computer Science ni ti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi rí "Advanced" níbi tí mo ti ń wá ilé-ẹ̀kọ́, mo ní èyí tó ga jù ni kí n mú. Ìwà Nàìjíríà. L'Ámẹ́ríkà, Masters tí Yunifásítì Pennsylvania ń pè ní MCIT wà fún ẹni tí kò ka kọ̀ǹpútà rí, bẹ́ẹ̀ náà ni Align ti Northeastern, tó máa ń kọ́kọ́ fi kíláàsì ìpìlẹ̀ gbé èèyàn dìde. OMSCS, Masters kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Georgia Tech, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ni gbogbo èèyàn ń pariwo, torí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, gbogbo owó rẹ̀ kò sì tó 10,000 dọ́là. Owó rẹ̀ kò gani lára, àmọ́ kì í ṣe conversion o. Wọ́n máa ń gba ará ẹ̀ka mìíràn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní máàkì tó máa fi hàn pé òun lè gbé e.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí mẹ́fà ni mo kó ránṣẹ́, gbogbo wọn látinú fídíò tí mò ń wò lálẹ́. Kò sẹ́ni tó dán mi wò níbẹ̀. CS50, kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà ti Harvard, dára láti fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́ C, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù yín ń wá ni kíláàsì tó ní máàkì, pàápàá discrete mathematics (ìṣirò tó ń béèrè ẹ̀rí) àti data structures (bí a ṣe ń to nǹkan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà). Mo forúkọ sílẹ̀ fún méjèèjì ní yunifásítì kan tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka Accounting, ẹ má rò pé torí pé ẹ mọ owó ṣírò, discrete á rọrùn. Nínú ìṣirò tiwa, "Èló ni?" ni wọ́n ń béèrè. Níbẹ̀, "Báwo lo ṣe mọ̀?" ni. Ìdánwò àkọ́kọ́, 41 nínú 100 ni mo gbà.

Data structures ní tirẹ̀, ibi iṣẹ́ ló ti yé mi. Níparí oṣù, a máa ń fi ìwé owó wa wé èyí tí báńkì ńlá fi ránṣẹ́, ìlà sí ìlà. Mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, kọ ètò tó máa bá mi ṣe é. Ìlà 20,000 ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe kọ ọ́, ó máa ń mú ìlà kan, á fi wá gbogbo ẹ̀gbẹ́ kejì já, á tún padà wá mú òmíràn. Ìyẹn lè tó ìfiwéra mílíọ̀nù 400. Màá tẹ̀ ẹ́, màá lọ ra bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì, màá jẹ ẹ́ tán, kò tíì parí. Lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ ọn lórí. Ìgbà tí mo kọ́ hash table, ọ̀nà ìtọ́jú nǹkan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lọ tààrà síbi tí nǹkan wà, ni mo to ẹ̀gbẹ́ kejì sínú èyí tí Python ń pè ní dictionary, kálukú sì mọ ilé rẹ̀. Kí n tó mu omi tán, ó ti ṣetán.

Ó wá ku kọ́bọ̀. Owó tí mo fojú ara mi rí pé ó dọ́gba, Python ní kò dọ́gba. Ẹ tẹ 0.1 + 0.2 síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: 0.30000000000000004 ló máa gbé jáde. Òdo àti oókan nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń ka nǹkan, 0.1 kì í sì í wọnú wọn rẹ́gí. Mo sọ gbogbo náírà di kọ́bọ̀, ₦1,250.30 di 125030, ìjà parí.

Ìtàn yìí gan-an ni mo kọ sínú statement of purpose, ìwé téèyàn fi ń sọ ìdí tó fi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ náà, nígbà kejì. Ti àkọ́kọ́ ní láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Irọ́ ni. 200 level ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ní cybercafé, mo sì ń bẹ̀rù mouse. Mo tún fi Accounting pamọ́ bí ẹrù olè, bẹ́ẹ̀ Accounting yẹn ló jẹ́ kí n rí kọ́bọ̀ tí ẹlòmíràn ò ní kà sí.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí náà wà ńbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ kọ tèmi ní mo níwà ìrẹ̀lẹ̀, mi ò sì í pẹ́ dé kíláàsì. Ọlọ́run á bùkún wọn, àmọ́ ọkọ ni wọ́n fi ń wá fún mi. Nígbà kejì, mo lọ bá olùkọ́ data structures tó máàkì iṣẹ́ mi, àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tí Python yẹn ń jẹ́ kó tètè relé. Mo kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé kan fún wọn kí wọ́n má baà gbàgbé. Conversion mẹ́rin ni mo kọ̀wé sí, méjì gbà mí.

Kẹ́ ẹ tó san 220 dọ́là fún GRE, ìdánwò táwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń béèrè kí wọ́n tó gbani fún Masters, ẹ wò ó bóyá wọ́n tiẹ̀ ń béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò béèrè mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyàwó tàbí ọkọ àtọmọ, ẹ rántí pé láti January 2024, Masters oníkíláàsì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kéèyàn mú wọn lọ mọ́. Transcript, ìwé tí yunifásítì kọ gbogbo máàkì yín sí, sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá mú, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Oṣù márùn-ún ni tèmi gbà, mo sì lọ síbẹ̀ débi pé bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, akọ̀wé tó wà ńbẹ̀ á ti ké pé, "Ìyàwó transcript ti dé o!"