Ọkọ̀ tí ẹnì kankan ò wà nínú ẹ̀ ló gbé ISS dúró

Tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ gbé èèyàn lọ sójú òfúrufú, gbogbo ayé ló máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè gbéra kó dé ibi tó ń lọ kó má sẹ́ni tó gbọ́ rárá. Ó máa ń dùn mí, torí lójú tèmi, ọkọ̀ ẹrù yìí gan-an ni ò jẹ́ kí ISS, ibùdó tí àwọn èèyàn ń gbé lójú òfúrufú, já wálẹ̀.

Ẹ wo Progress ti Rọ́ṣíà. Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1978 ni àkọ́kọ́ ẹ̀ gbéra lọ bá Salyut 6, ibùdó òfúrufú kan láyé Soviet Union, wọ́n ṣì ń lo Progress dòní, wọ́n kàn ń tún un ṣe ni. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ ló ń kó lẹ́ẹ̀kan, oúnjẹ, omi, aṣọ, atẹ́gùn tí wọ́n máa mí, irinṣẹ́, àti epo. Epo yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. ISS wà lókè ní nǹkan bíi 400 kìlómítà, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tó ṣẹ́kù níbẹ̀ sì ń dá a dúró díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa wálẹ̀ ṣáá. Tí Progress bá ti so mọ́ ọn tán, epo á gba páìpù tó wà níbi tí wọ́n ti so pọ̀ wọnú táǹkì ibùdó náà, ìgbà míì sì rèé, ẹ́ńjìnnì Progress fúnra ẹ̀ ni wọ́n máa tàn, á sì máa ti gbogbo ibùdó náà, tó ju 400 tọ́ọ̀nù lọ, padà sókè. Ọkọ̀ tó wá já ẹrù lásán ló ń ti odindi ilé o!

Bó ṣe ń so mọ́ ọn gan-an ni mi ò lè wò tán. Àwọn méjèèjì ń sáré bíi 28,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n torí pé eré kan náà ni wọ́n ń sá, ó máa ń dà bíi pé wọ́n dúró síwájú ara wọn ni. Réda tí wọ́n ń pè ní Kurs ló ń júwe ọ̀nà fún Progress, á yí ibùdó náà ká títí á fi dé ọ̀gangan ẹnu ọ̀nà, á dúró síbẹ̀ ná, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá máa rọra bọ̀. Ọ̀pá kan wà ní imú ẹ̀, inú ihò tó rí bí àrọ ni ọ̀pá yẹn máa wọ̀, ìkọ́ á wá gbá wọn pọ̀ pinpin. Tí wọ́n bá já ẹrù tán wọ́n á kó pàǹtí kún inú ẹ̀, á sì lọ jóná lórí òkun Pàsífíìkì.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń dé ṣá. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá 2014, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Cygnus, ọkọ̀ ẹrù Amẹ́ríkà kan, bú gbàmù ní Virginia ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan péré lẹ́yìn tó gbéra. Oṣù Kẹrin 2015, Progress M-27M dókè, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, kò gbọ́ àṣẹ mọ́, ó sì jóná lóṣù Karùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà, irin kan tó di táǹkì gáàsì helium mú já nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé Dragon, ọkọ̀ ẹrù Amẹ́ríkà míì, gbogbo ẹ̀ fọ́ túútúú lójú ọ̀run. Mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́jọ! Síbẹ̀ Padalka, Kornienko àti Scott Kelly, àwọn mẹ́ta tó wà lókè nígbà yẹn, ò ní láti sá wálẹ̀, torí wọ́n ti to oúnjẹ oṣù bíi mélòó kan pa mọ́ tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ náà sì ju irú kan lọ, tí èyí bá kọsẹ̀ òmíì á gbéra. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fara mọ́ ọn láéláé kí wọ́n fi gbogbo ẹrù sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kódà kí tiẹ̀ pọ́ọ́kú jù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Dragon yẹn fọ́, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, Progress M-28M so mọ́ ISS láìsí wàhálà kankan, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, Kounotori ti Japan náà dé.