Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Orí Kẹta

Bí mo bá lọ ra nǹkan ní Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan tó mọ̀ mí yóò fi bèèrè pé, "Tíṣà, ìwé tí ẹ ń kà yẹn, ẹ ò tíì parí ẹ̀ ni?" Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì fi ń gbọ́ bùkátà. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé e ló máa ń dùn mí jù: "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe?"

Ohun tí mò ń kọ̀wé lé lórí kò jìnnà sí wa rárá. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn. Ní ọdún 1947, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fún tú yáyá lọ sí ààfin ní Aké láti tako owó orí náà. Nígbà tó sì di 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, kò padà títí di ìparí ọdún 1950. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé kò sí ohun tó kù láti wá nínú rẹ̀.

Èmi náà ti ń rò bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ bá màmá àgbà kan ní Ìtòkú, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ó ń tú ìko kúrò lára àdìrẹ, aró ti wọ ìdí èékánná rẹ̀ pátápátá. Mo ka díẹ̀ nínú orí kẹta fún un, níbi tí mo ti pe ọ̀rọ̀ náà ní rògbòdìyàn. Ó dáwọ́ dúró.

"Rògbòdìyàn bí ti báwo, ọmọ mi? Ṣé ẹni tó fẹ́ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ a máa ká ẹní dání ni? Ìyá mi ká ẹní, ó di ẹ̀kọ, wọ́n lọ jókòó ti ààfin."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Inú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, tí mo kà ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ni mo ti mú un láìbi í léèrè. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tún orí náà kọ, nítorí pé bí àwọn obìnrin bá ká ẹní dání, a jẹ́ pé wọ́n ti gbèrò láti sùn síbẹ̀. Ta ló wá ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ta ni wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún, ta ló ń bá wọn ta ọjà? N kò béèrè èyíkéyìí nínú wọn tẹ́lẹ̀. (Alábòójútó mi gba orí tuntun náà, oṣù mẹ́jọ ló sì lò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.)

Síbẹ̀, n kò lè torí pé ọ̀rọ̀ màmá wọ̀ mí lọ́kàn kí n gbà á bẹ́ẹ̀. Mo wá àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn kàn: méjì rántí ẹní, ẹnì kẹta, ní Ìjàyè, ní òun kò rí ẹní kankan, orí ìdúró ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó padà lọ bá a, nítorí mo fẹ́ mọ apá ibi tí àwọn tirẹ̀ dúró sí níwájú ààfin, àti ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀.