Kí Wọ́n Tó Sọ Ìjì Lórúkọ

Oṣù Karùn-ún ti ń parí lọ. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì líle máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àwa tí a ń gbé nítòsí òkun ní Texas, kò sì ní kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Nílé tiwa ní Alief, ní Houston, fírísà ni mo máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, kí n tó rántí omi tàbí tọ́ọ̀ṣì. Inú fírísà ni owó ilé Yorùbá wà nílùú yìí: ẹran ewúrẹ́, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹja Titus, ata lílọ̀ nínú ọ̀rá, ewédú tí a rà ní Bissonnet.

Ìjì Beryl ló là wá lójú. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 2024, ló gúnlẹ̀ nítòsí Matagorda. Ìpele 1 ni wọ́n pè é, ìyẹn ìpele tó kéré jù nínú márùn-ún. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà iná tó lé ní mílíọ̀nù 2 ló bọ́ sínú òkùnkùn ní Houston àti agbègbè rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì rí iná fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, nínú oòrùn oṣù Keje. Bí a bá ń rìn kọjá níwájú ilé àwọn èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, òórùn ẹran tó ti bàjẹ́ ló ń pàdé wa lọ́nà.

Àwọn èèyàn wa kan á ní, "Kí ló tún wà nínú iná tó lọ? Ṣé kì í ṣe ohun tí a bá bọ̀ láti ilé ni?" Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mi ò gbà fún wọn. Ní Mọ́níyà tí mo dàgbà sí, kànga wà lẹ́yìnkùlé, ààrò wà, èédú wà, fèrèsé ń ṣí gbayawu, ẹran tí a máa jẹ lónìí, òní náà la rà á lọ́jà. Níbí, ilé dí pa. Iná mọ̀nàmọ́ná ni a fi ń dáná, òun la fi ń lé ooru, òun ló ń tọ́jú ẹran oṣù kan. Tó bá lọ, gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi ìfọ̀kànbalẹ̀ Ìbàdàn jókòó nílé Houston, ìyà máa jẹ ẹ́.

Tí wọ́n bá sì ti fún ìjì lórúkọ, tí tẹlifíṣọ̀n ti ń pe orúkọ náà láàárọ̀ lálẹ́, omi àti búrẹ́dì á tán nínú ṣọ́ọ̀bù kí a tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe tèmi nísinsìnyí.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mi ò ti ra ẹran púpọ̀ mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ là ń jẹ, kí fírísà lè ṣófo díẹ̀. Tí àyè bá ti yọ, mo máa ń bu omi sínú ike mílíìkì tí a ti fọ̀ dáadáa, mi ò ní bù ú kún dé ẹnu torí omi máa ń wú tó bá di yìnyín, mo wá fi àwọn ike náà dí gbogbo àlàfo. Fírísà tó kún dẹ́nu máa ń mú òtútù rẹ̀ dúró fún bíi wákàtí 48 tí a kò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi wákàtí 24. Ti fìríjì ò ju wákàtí 4 lọ. Tí yìnyín inú ike bá sì yọ́, omi mímu ni.

Ata ni iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Mo máa ń da tàtàṣé, rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà tí mo ti lọ̀ sínú ìkòkò tó tóbi jù nílé, mo máa sè é láìfi òróró sí i títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, tí á máa ta sí mi lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni òróró tó wọlé. Iná jẹ́jẹ́ ló kù, ọwọ́ mi ò sì ní kúrò lára ṣíbi, títí ata á fi pọ́n dẹ̀ẹ̀, tí òróró á léfòó, tí òórùn àìjiná á kúrò lára rẹ̀. Tó bá tutù, mo máa pín in sínú ọ̀rá, ìsebẹ̀ kan fún ọ̀rá kan, mo máa tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sínú fírísà bí ìwé tí a tò léra. Dídín kò ní kí ata má bàjẹ́ nínú ooru o. Àyè tó ń gbà ló dín kù, ó sì ń yá láti gbóná lórí sítóòfù gáàsì kékeré tí a máa ń gbé síta.

Kọ́ọ̀bù omi kan tún máa ń wà nínú fírísà wa. Tó bá ti di yìnyín, mo máa fi kọ́ìnì kan lé e lórí. Tí a bá kúrò nílé nítorí ìjì, tí a sì padà dé bá kọ́ìnì náà lókè, ọkàn wa balẹ̀. Tó bá ti rì, a jẹ́ pé iná lọ pẹ́, ohun gbogbo ti yọ́ kó tó tún dì, bó ti wù kí ẹran náà le tó lójú. Nínú fìríjì, ohun tí a fi ń wọn ooru ni mo gbé síbẹ̀: tó bá ti kọjá 40°F, ìyẹn bíi 4°C, fún wákàtí 2, ẹran, wàrà àti ọbẹ̀ di dídànù. Ó máa ń dun àwọn àgbà wa gan-an. Wọ́n á ní kí a fi iyọ̀ sí i, kí a sè é dáadáa. Sísè ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ májèlé tí àwọn kòkòrò mìíràn ti tu sínú oúnjẹ, iná kì í ràn án.

Ìyá ọkọ mi ni kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ, insulin ni wọ́n ń gún. Èyí tí wọ́n ti ṣí lè wà níta fìríjì fún ọjọ́ 28 tí ooru kò bá kọjá 86°F, ìyẹn 30°C, ṣùgbọ́n ilé wa láìsí ẹ̀rọ amúlétutù ní oṣù Keje, ó ń kọjá bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí náà kúlà kékeré kan jẹ́ ti Màmá nìkan. Mo máa ń fi táwẹ́lì wé insulin kó má fara kan yìnyín, torí èyí tó bá ti dì kò ṣe é lò mọ́.

Gàrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí, ẹ̀pà yíyan, mílíìkì oníyẹ̀fun, sadíìnì, ìpékeré: àwa tó kù lè fi ìwọ̀nyí gbé ọjọ́ púpọ̀ láìfọwọ́ kan iná. Tèmi ni pé oúnjẹ ìjì ti wà nílé Yorùbá kí a tó mọ ibi tí Texas wà. Àmọ́ a ò lè máa fi gàrí bọ́ Màmá láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀wà inú agolo ni mo máa ń rà fún wọn.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ̀wà inú agolo náà la ó tún máa jẹ?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Epo á wà níbẹ̀, ata díndín á wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Má jẹ̀ẹ́ kí ata pọ̀ jù."

Ní ti omi, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lóòjọ́ ni. Tí ìjì bá ti ń bọ̀, a tún máa ń bu omi kún báàfù fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà òtútù ńlá oṣù Kejì ọdún 2021, omi ẹ̀rọ gan-an di ohun tí ìjọba ní kí a sè kí a tó mu.

Jẹnẹrétọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù, torí a rò pé a mọ̀ ọ́n. Nílé, àwọn kan máa ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sínú gáréèjì, ì báà ṣí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sílé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín náà, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Lọ́dún 2021 yẹn, àwọn kan dáná èédú nínú yàrá nítorí òtútù, àwọn kan tan mọ́tò nínú gáréèjì, wọ́n sì kú. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń pariwo tí carbon monoxide bá ti wà nínú afẹ́fẹ́ ilé, èyí tó ń lo bátìrì, kí ẹ fi kọ́ ìtòsí ibi tí ẹ ń sùn.

Màmá ará Vietnam kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń dá gbé, ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́ lálẹ́ ń lo iná. Ní Texas, èèyàn lè pe 211 kí wọ́n kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ìwé STEAR, kí àwọn tó ń bójú tó ìjàm̀bá lè mọ ibi tó wà. Kì í ṣe ìdánilójú pé wọ́n máa wá, nítorí náà èmi àti ọmọ wọn ti gba nọ́ńbà ara wa. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún orúkọ náà kọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a jọ máa pe 211 náà.