Áàpù Kì Í Parí

Ó di ọdún kẹrin báyìí tí mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé áàpù kan ṣoṣo tí mo dá kọ ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa rán ènìyàn létí àkókò tí ó yẹ kí ó lo oògùn rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, nígbà tí áàpù náà ti wà lórí fóònù àwọn ènìyàn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, kí ni mo wá ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe? Ìbéèrè náà kì í bí mi nínú, nítorí pé èmi gan-an rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé kíkọ ni iṣẹ́, àti pé bí mo bá ti kọ ọ́ tán, títà ló kù.

Ẹ jẹ́ kí a mú dídún ìránnilétí nìkan. Ní ọdún 2015, Android 6, ẹ̀dà kan nínú Android tó ń darí ọ̀pọ̀ fóònù tí kì í ṣe iPhone, mú ètò kan wá tí ó ń jẹ́ kí fóònù sùn fọnfọn bí ẹni tó ni ín bá gbé e kalẹ̀ tí kò sì fọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́, kí bátìrì má baà tètè tán. Ìránnilétí tí a kò bá kọ ní ọ̀nà tí ètò yìí fàyè gbà lè máà dún títí fóònù yóò fi ta jí. Ní 2021, Android 12 sọ ọ́ di dandan pé kí áàpù ní ìyọ̀ǹda pàtàkì kí ó tó lè dún ní ìṣẹ́jú náà gan-an tí a dá fún un. Nígbà tó di 2022, Android 13 ní kí áàpù kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onífóònù kí ó tó lè fi ìránnilétí kankan hàn án. Ní 2023, Android 14 dá ìyọ̀ǹda ìṣẹ́jú gan-an yẹn dúró fún ọ̀pọ̀ áàpù tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí fóònù, àfi bí onífóònù bá wọ inú Settings lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Mo gbà pé ìdí wọn dára, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù ló ti fi ariwo tí kò nídìí da àwọn ènìyàn láàmú. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àyípadà mẹ́rin yìí jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó ń kọ irú áàpù tèmi, oníbàárà kò sì ní rí ohun tuntun kankan lójú áàpù lẹ́yìn rẹ̀; gbogbo èrè rẹ̀ ni pé ohun tó dún lánàá tún dún lónìí. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe é, ọ̀nà yóò dí mọ́ ọn, nítorí pé Google Play, ọjà tí àwọn onífóònù Android ti ń gba áàpù, kì í gba ẹ̀dà tuntun áàpù tí a kò bá tún ṣe láti bá Android ẹnu àìpẹ́ yìí mu, gbèdéke náà sì ń sún síwájú lọ́dọọdún.

Àṣìṣe tí ó dùn mí jù lọ, ọwọ́ mi ló ti wá, orí iPhone ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, arábìnrin kan kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ jọ̀wọ́, áàpù yín kò dún mọ́. Ọjọ́ kejì rèé tí bàbá mi kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, a kò sì tètè mọ̀, nítorí pé áàpù yín la gbójú lé." Mo gbé fóònù tèmi, mo dán an wò, ó dún. Mo tún un dán wò, ó tún dún. Mo wá bi í pé irú oògùn mélòó ni bàbá ń lò. Ó ní márùn-ún ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ sì ni wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

iPhone kì í tọ́jú ju ìránnilétí 64 lọ fún áàpù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ka èyí rí nínú ìwé ìlànà Apple, mo sì kà á kọjá. Èmi ń to ìránnilétí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún odidi oṣù kan. Oògùn márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ 15 lójúmọ́. Ti ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ 60. Ó ku 4 tí yóò dún ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn náà fóònù yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdí tí n kò fi rí i ni pé áàpù náà ń tún wọn tò nígbàkígbà tí ènìyàn bá ṣí i, èmi tí mo kọ ọ́ sì ń ṣí i ní ìgbà bí ogún lójúmọ́. Bàbá kò ní ìdí láti ṣí i. Ó ń dún, wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n ń gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n lò ó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe polówó pé kí ènìyàn lò ó, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ó já wọn kulẹ̀.

N kò sùn lóru yẹn. Mo pa àwọn oògùn tí àkókò wọn ṣe déédéé pọ̀ sínú ìránnilétí kan tí yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni 15 di 3, tí kò sì ní tán mọ́. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun náà jáde, arábìnrin yẹn kọ̀wé padà pé: "Ó ti dún. Bàbá ní kí n kí yín."

Bí a bá pọ̀ níbi iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn tí kò mọ inú kóòdù ni ì bá dán an wò, yóò sì lò ó bí bàbá ṣe lò ó. Àwọn ènìyàn a máa sọ fún mi pé igi kan kì í dá igbó ṣe, n kò sì bá wọn jiyàn. Ojú kejì ni mo máa ń ṣàárò, ju ọwọ́ kejì lọ.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ áàpù. 25 dọ́là ni Google Play ń gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí App Store, ọjà áàpù ti Apple, ṣí ní oṣù Keje ọdún 2008, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú owó tí a bá pa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún lè forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa yọ ìdá 15, Google náà sì ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn. Láìsí ìdínkù yẹn, n kì bá tí lè fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Owó tí a pa lónìí kì í sì í wọlé lónìí; ó lè ju oṣù kan lọ kí ó tó dé báńkì, nítorí náà mo tọ́jú owó oúnjẹ ọdún kan kí n tó gbéra.

Ohun tí mo ṣe tí kò dára ni pé mo kọ́kọ́ ta áàpù náà ní àtàpa: sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó di tìrẹ. Iṣẹ́ tí kò lópin kò ṣe é fi owó ẹ̀ẹ̀kan gbọ́. Ní ọdún kejì, mo yí i sí owó ọdọọdún, ṣùgbọ́n n kò gba owó kankan mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á tẹ́lẹ̀, nítorí pé àdéhùn ni àdéhùn.

Ní oṣù Kẹfà ọdọọdún, nígbà tí Apple bá fi ẹ̀dà tuntun iOS, ohun tó ń darí iPhone, hàn, mo máa ń gbé ẹ̀dà àdánwò rẹ̀ sórí fóònù àtijọ́ kan, n ó kọ oògùn márùn-ún sínú áàpù mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, n ó sì gbé e kalẹ̀. N kì í ṣí i. Ní aago méje àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń tẹ́tí sí i, bó bá sì ti dún, n ó fa ìlà kan sínú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Àná ló pé ọjọ́ mẹ́fà, ìlà 18 ló wà nínú ìwé náà.