Ọdún Tí Mo Fi Wá Ìyá Iṣu

Ní oṣù kìíní, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé màá já ewé iṣu 60 ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kí ọdún tó parí, ti oko àti ti igbó, ká lè yẹ DNA wọn, àkọsílẹ̀ àbùdá inú ara wọn, wò, ká mọ ibi tí iṣu oko ti ṣẹ̀ wá. 41 ni mo rí já. 9 jẹrà nínú àpò nígbà tí òjò ká mi mọ́ ọ̀nà lórí alùpùpù. Ó ṣì ń dùn mí, torí iṣu igbó ni 3 nínú wọn, a sì rìn láti àárọ̀ dalẹ́ ká tó rí wọn.

DNA dà bí ilà ojú: ẹni tó bá mọ ilà á mọ ìdílé. Àmọ́ ilà ni a kọ, èyí ni a bí mọ́ iṣu. Níbi tí iṣu igbó bá ti jọ iṣu oko jù lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú un wálé. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ka DNA iṣu 167, wọ́n sì tọ́ka sí ẹkùn odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àárín yẹn gan-an la wà! Wọ́n ní Dioscorea praehensilis, iṣu inú igbó, ni ìyá iṣu funfun. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan láti Jàpáànù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ pé àdàlù rẹ̀ àti iṣu inú ọ̀dàn, Dioscorea abyssinica, ni iṣu funfun. Mi ò tíì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó jù lọ́dún yìí. Mo ń ṣàlàyé fún wọn bí àwọn ará àtijọ́ ṣe sọ iṣu igbó di ti oko. Wọ́n wò mí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti parí?"

Wọ́n mú mi lọ sí ebè mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Iṣu igbó ni wọ́n wú wálé, wọ́n sì tẹ́ àpáàdì sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ta jìnnà sísàlẹ̀, kó lè sanra. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀gún kún ìtàkùn rẹ̀, iṣu rẹ̀ sì tínrín gbọọrọ. Ọdún kẹta rèé. Wọ́n sè é, a fi epo jẹ ẹ́. Ó ṣì le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn. Iṣu tí a fi ẹ̀bù gbìn, ìyá rẹ̀ náà ló tún hù. Èyí tó ti inú èso hù nínú igbó ló ń mú àbùdá tuntun wọlé. Iṣẹ́ ńlá ni Bàbá ń ṣe, wọn ò sì kọ́ ọ ní yunifásítì kankan.

Ewé ebè mẹ́rin yẹn wà lára 32 tó kù lọ́wọ́ mi. Bàbá tún fún mi ní orí iṣu méjì níbẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ni mo kó wọn sí, ọ̀kan sì ti ń ta èèhù.