Ẹ má fa òṣíbàtà tu nínú táǹkì ẹja: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ jọ̀wọ́, bí gbòǹgbò òṣíbàtà bá ti gba gbogbo abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ inú táǹkì ẹja yín, ẹ má fà á tu. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí pé ẹja tó ń bá irú rẹ̀ lọ kì í ṣe aláìsàn. Láàárọ̀ ara wọn le koko, kí oòrùn tó kan àtàrí wọ́n ti dojú ikùn sókè.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu òṣíbàtà tí kò ju àtàǹpàkò lọ la gbìn. Kí oṣù mélòó kan tó pé, gbòǹgbò rẹ̀ ti kan gíláàsì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti lọ́ mọ́ ara wọn nísàlẹ̀. Bí táǹkì bá jẹ́ irú èyí tí asẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òkúta, gbòǹgbò á gba ojú ihò asẹ́ wọlé, omi ò ní ríbi gbà mọ́.

Ìgbà yìí ni ọwọ́ máa ń yá ènìyàn láti di ìdí ewé mú, kó sì fà á. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ti nà dé igun gbogbo kì í dá wá, ilẹ̀ táǹkì ló máa gbé dìde. Ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ àjẹkù àti ewé jíjẹrà ti kó jọ síbẹ̀ tipẹ́. Níbi tí òkúta bá ti jìn ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, tí omi kì í sì í yí po níbẹ̀, ilẹ̀ á dúdú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbi tí ọ́síjìn kò sí á máa ṣe gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Háídrójìn sọ́lfáídì ni gáàsì náà, májèlé ni fún ẹja. Amóníà, májèlé mìíràn tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá, á bá a jáde, ìdọ̀tí tó rú sókè á sì tún máa jẹ lára ọ́síjìn inú omi.

Omi tiwa sì nìyí, ó gbóná. Omi tó wà ní ìwọ̀n 28°C kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 7.8 ọ́síjìn lọ nínú lítà kan. Èyí tó wà ní 20°C ń gba nǹkan bíi 9.1. Ibi tí ẹja ò ti ní àjẹṣẹ́kù ọ́síjìn kankan la tún ti rú ilẹ̀ sókè. Omi á ṣókùnkùn débi pé ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ ò ní hàn mọ́. Ẹja tó máa ń wà nísàlẹ̀ á sáré gòkè, gbogbo wọn á na ẹnu sójú omi, wọ́n á máa lanu, wọ́n á máa pa á dé. Asẹ́ á dí. Bí NẸ́PÀ bá lọ mú iná lákòókò yẹn, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́, kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ fi gba àwọn ẹja náà là ju kó máa fi ife bu omi sókè, kó máa dà á padà.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi pẹ̀lú omi tí kò ní kíloríìnì tí ìgbóná rẹ̀ bá ti táǹkì dọ́gba, ẹ fọ fóòmù asẹ́, ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ tún omi pààrọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Gígé ni kí ẹ gé e. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tó wà lára iná kí ọwọ́ tó wọ omi. Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gún òkúta lọ sísàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìdí iṣu. Ẹ má wọ́ ọ̀bẹ nílẹ̀ o. Ẹ gún un, ẹ yọ ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ tún un gún. Ọwọ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi di rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi mú, kí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ, kí ìdọ̀tí tó bá yọjú bá a lọ sínú korobá. Ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká rẹ̀ ti tó fún ọjọ́ kan. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ tó kan ìdá kejì.

Àwọn kan á ní ìyẹn ti pẹ́ jù, pé kí a gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ká sinmi. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Gbòǹgbò òṣíbàtà tó wà láàyè máa ń tú ọ́síjìn sínú ilẹ̀ tó yí i ká, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ náà má bàjẹ́ tán. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú lọ́jọ́ kan náà, yóò jẹrà níbẹ̀, ilẹ̀ á dúdú sí i. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni ilẹ̀ lè fara dà, mi ò sì ní yí ohùn padà lórí èyí.

Bó bá di dandan kó jáde pátápátá, ẹ parí gígé àyíká náà ná, kí ẹ tó rọra gbé iṣu rẹ̀. Gbòǹgbò funfun tó le ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí gígùn rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Èyí tó dúdú tó sì rọ̀, ẹ gé e dànù. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí orí iṣu yọ síta, kí ẹ sì gbé ìkòkò náà sínú táǹkì. Gbòǹgbò ò ní lè rìn jìnnà mọ́. Ewé àtijọ́ lè kú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má bẹ̀rù.

Ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò. Ewé tó bá ti ń lépa ojú omi, ẹ gé e láti ìdí kó tó tẹ́ sórí omi. Ẹni tó bá ń ṣe èyí déédéé kì í sábà nílò ọ̀bẹ.

Ti ojú oró kò le tó bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lè gùn tó ààbọ̀ mítà, ó ń wọ ẹnu asẹ́, ẹ fi fóòmù bo ẹnu asẹ́ náà. Ẹ gbé e sínú korobá tí omi táǹkì wà nínú rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa nítorí àwọn ọmọ ẹja máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìdajì gbòǹgbò kúrò. Ẹ má jẹ́ kó bo ju ìdajì ojú omi lọ. Lóru òun náà ń mí ọ́síjìn tí ẹja ń mí. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, omi ara rẹ̀ máa ń yún àwọn mìíràn. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má jù ú sí gọ́tà tàbí odò, nítorí ẹyọ kan péré tó bá bọ́ sínú omi á bí títí yóò fi bo ibẹ̀.