Fọ́tò ìrìnàjò ọdún kan àti ìwé tí a ń kà lọ́nà

Bí a bá fẹ́ to fọ́tò ìrìnàjò ọdún kan sórí ìkànnì, aago ló kọ́kọ́ máa ń dà á rú. Bí a bá dé ibi tí aago wọn yàtọ̀, fóònù á yí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó fọ́tò méjèèjì sínú fódà kan, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú á ṣáájú ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Ní ti aago, ọjọ́ àti wákàtí nìkan ni EXIF, ìlànà tí kámẹ́rà fi ń kọ àlàyé fọ́tò pamọ́, ń kọ sínú fáìlì tẹ́lẹ̀. Ọdún 2016 ni ẹ̀dà 2.31 tó fàyè sílẹ̀ fún ìyàtọ̀ aago ìlú sí ìlú.

Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà ya ojú aago fóònù yín. Tí ẹ bá padà délé, ẹ fi aago tó wà nínú fọ́tò yẹn wé èyí tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì. Bí kámẹ́rà bá fi wákàtí kan sẹ́yìn, àṣẹ ExifTool yìí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún àlàyé EXIF kọ, á tún un ṣe:

exiftool "-AllDates+=1" *.jpg

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ tún un tẹ̀, wákàtí méjì ló sún yẹn. ExifTool máa ń tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́, á fi _original kún orúkọ rẹ̀; ẹ má pa á rẹ́ títí ẹ ó fi rí i pé gbogbo rẹ̀ ti tò.

Inú ọkọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ò ti sí dára fún ìwé iṣẹ́ ìkànnì. RFC, ìwé tó ń sọ ìlànà bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́, kò wúwo. Ẹ gbà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé. RFC 2119 ti ọdún 1997 ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kò gùn rárá. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí àwọn RFC yòókù ń lò. MUST kò gba àwáwí. SHOULD, ẹ lè yà kúrò níbẹ̀ bí ìdí gidi bá wà, àmọ́ kí ẹ ti mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ẹ má ka àwọn RFC tó kù láti ojú-ewé kìíní dé òpin. Ìbéèrè kan ni kí ẹ mú lọ. Kí ló dé tí fọ́tò àtijọ́ ṣì ń yọjú lẹ́yìn tí a ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀? RFC 9111, ọdún 2022, dáhùn: bùráúsà ti tọ́jú ẹ̀dà kan, bí max-age (iye àkókò tí ẹ̀dà náà fi ṣeé lò) kò bá sì tíì pé, ó lè lò ó láìbi sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú-ewé ránṣẹ́) léèrè. Orúkọ fáìlì ni kí ẹ yí: odo-1.jpg di odo-2.jpg. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí i pé àṣẹ no-cache kò sọ pé kí bùráúsà má tọ́jú nǹkan, pé kó béèrè kó tó lò ó ló ń sọ. no-store ló ń sọ pé má tọ́jú. Àwọn ọ̀gá pàápàá ń ṣi èyí mú.

Fọ́tò mẹ́ta lóṣù ti tó, mẹ́rìndínlógójì lọ́dún. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹbí nìkan ni yóò wò ó parí.

Fọ́tò mẹ́gápíksẹ́lì 12 sábà máa ń jẹ́ 4032 × 3024. Ẹ dín ìbú rẹ̀ kù sí 480, 800 àti 1600, kí ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú srcset, ibi tí HTML ti ń to àwọn ìwọ̀n fọ́tò tí bùráúsà lè mú. Ẹ má gbàgbé sizes, tó ń sọ ìbú tí fọ́tò máa gbà lójú-ewé. Láìsí i, bùráúsà á rò pé fọ́tò náà gba gbogbo ìbú ojú fóònù, á sì mú èyí tó tóbi jù. Ẹ kọ width àti height (ìbú àti gíga) kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò sísàlẹ̀ bí fọ́tò ṣe ń dé. loading="lazy", tó ń dá fọ́tò dúró títí òǹkàwé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, wà fún gbogbo wọn àfi ti òkè pátápátá, torí ó lè jẹ́ kí ti òkè yẹn pẹ́ kó tó yọ.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fi exiftool -gps:all= yọ ibi tí ẹ ti yà á kúrò lára ẹ̀dà. Ẹ má kánjú lo -all=, torí ó ń pa Orientation (ìhà tí fọ́tò kọ sí) rẹ́ mọ́ ọn, àwọn fọ́tò tó nàró á wá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.